Kí ni ọmọ tó ka Mass Comm lè ṣe? Àlàyé lórí bí yunifásítì ṣe ń wọn àbájáde ẹ̀kọ́

Tí àwọn àlejò láti NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, bá ti fẹ́ dé sí ẹ̀ka kan, ariwo rẹ̀ kì í pamọ́. Wọ́n á kun ògiri, wọ́n á to ìwé sí ilé ìkàwé, wọ́n á kó kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn olùkọ́ á máa gbé fáìlì sókè sódò. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti ìta, yálà òbí ni tàbí ẹni tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì, á rò pé ilé àti irinṣẹ́ nìkan ni wọ́n wá wò. Wọ́n ń wò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú àwọn fáìlì yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbọ́ sí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àwọn ló kàn jù: lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kí ni ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ níbí lè ṣe, kí sì ni ẹ̀rí yín?

Wíwá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni wọ́n ń pè ní ìgbéléwọ̀n àbájáde ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Mass Comm, àti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, torí pé ní agbègbè tiwa yìí, láti Ilé-Ifẹ̀ dé Iléṣà, yunifásítì ti pọ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ tó gba orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987 ti ń kọ́ni láti 1962. Oduduwa wà ní Ìpetumodù, Joseph Ayo Babalola wà ní Ìkéjì-Arákejì, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tó wà ní Iléṣà tẹ́lẹ̀ náà ti di Yunifásítì Iléṣà. Òbí tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ sí èyíkéyìí nínú wọn á béèrè owó ilé-ẹ̀kọ́, á béèrè họ́sítẹ̀lì, á béèrè bóyá ìyanṣẹ́lódì kì í pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbéèrè tí mo kọ sókè yìí ni kì í sábàá sí lára wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni máàkì. Òbí á ní, "Ṣebí wọ́n ń ṣe ìdánwò? Ṣebí A ló gbà?" Ó dáa. Ní yunifásítì wa, ẹni tó bá gba 70 sókè ló ní A. Wọ́n á wá ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CGPA, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tó 4.50 nínú 5.00 ló gba First Class. Nọ́ńbà yìí wúlò láti fi mọ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀lé e. Kì í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wo kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ká ní ọmọ kan gba 62 níbẹ̀. Nínú 62 yẹn, ó lè jẹ́ pé 10 wá látinú pé ó ń wá sí kíláàsì déédéé, 18 wá látinú tẹ́ẹ̀sì tó torí rẹ̀ há ìtàn rédíò ní Nàìjíríà sórí, ìyókù sì wá látinú ìdánwò tó ní kó dárúkọ oríṣiríṣi máíkírofóònù. Ọmọ yẹn lè má tíì jókòó sídìí máíkírofóònù kankan rí. Ọmọ kejì náà gba 62, òun mọ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn tí wọ́n sì ń so ó pọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ títí tí baba náà á fi tú inú rẹ̀ síta, àmọ́ kò mọ ìdánwò kọ. Máàkì wọn dọ́gba, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò jọra rárá. Tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rédíò bá ń wá ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, 62 yẹn kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó ju èyí lọ. Máàkì ń ṣèdájọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìgbéléwọ̀n àbájáde ẹ̀kọ́ ń yẹ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀gá télọ̀ kan wà ní Lágere ní Ifẹ̀ tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá rán ọrùn aṣọ wọ́, ọ̀gá á ní kó tú u, á bá a wí, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé gbogbo ọmọ tó ti ṣe fìrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta ló ń rán ọrùn aṣọ wọ́, kò sí ọmọ iṣẹ́ tí a fẹ́ bá wí mọ́. Ọ̀gá ló yẹ kó wo bí òun ṣe ń kọ́ wọn ní ọrùn, ìgbà tí òun ń kọ́ wọn, àti bóyá òun tiẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án kí ìgbà wọn tó pé. Ohun tí ẹ̀ka yunifásítì ń wá nìyẹn tí wọ́n bá kó iṣẹ́ ogójì akẹ́kọ̀ọ́ jọ sórí tábìlì. Wọn kò wá ẹni tí wọ́n á fún ní F, ìyẹn ti kọjá níbòmíì.

Ibi tí àwọn àbájáde náà ti ń wá

Àbájáde ẹ̀kọ́ jẹ́ gbólóhùn kan tó sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ á lè ṣe tó bá parí kọ́ọ̀sì, tàbí tó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe pé olùkọ́ kan jókòó sílé, ó ronú kàn án. Ní oṣù Kejìlá 2022, àjọ NUC gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde fún gbogbo yunifásítì Nàìjíríà. CCMAS ni wọ́n ń pè é, sáà ẹ̀kọ́ 2023/2024 ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé lábẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti to àbájáde ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó to àwọn orí-ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ máa kọ́. Ìlànà yìí náà ni ìbánisọ̀rọ̀ ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìmọ̀ tirẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìpolówó ọjà, iṣẹ́ alukoro, fíìmù àti ìbánisọ̀rọ̀ fún ìdàgbàsókè ti lè jẹ́ oyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí. Ìdá 70 nínú 100 ìlànà náà ló wá látọ̀dọ̀ NUC. Ìdá 30 tó kù, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló máa fi kún un, bí ibi tó wà bá ṣe rí àti bó bá ṣe fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ dá yàtọ̀. Ẹ fi ìdá 30 yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Àbájáde tó dáa kò ṣòro láti dá mọ̀. "Akẹ́kọ̀ọ́ á mọ̀ nípa ìròyìn" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí kò sí bí a ṣe fẹ́ yọjú wo inú orí ẹni. "Akẹ́kọ̀ọ́ á lè kọ ìròyìn rédíò ìṣẹ́jú kan látinú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó fúnra rẹ̀ ṣe" wúlò, torí a lè ní kó ṣe é lójú wa, ká sì wo ohun tó gbé wá. Ní 1956, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Benjamin Bloom, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ to ìmọ̀ sí ìpele mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2001, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí rírántí, ó lọ sí òye, sí mímú ìmọ̀ lò, sí títú nǹkan palẹ̀, sí ṣíṣe ìdájọ́, ó sì parí sí dídá nǹkan sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ àbájáde ẹ̀kọ́ kárí ayé ló ń lo àkàsọ̀ yìí. Àìsàn tó wọ́pọ̀ ni pé inú ìwé á sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ á dá ètò rédíò sílẹ̀, ìdánwò á wá ní kó to ànfààní rédíò márùn-ún sílẹ̀. Ìlérí wà lókè àkàsọ̀, ìdánwò wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ọmọ bá gba A nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, rírántí rẹ̀ la wọ̀n. Ìlérí tí a ṣe fún un ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnì kan kò tíì fọwọ́ kàn.

Ìròyìn ìṣẹ́jú kan

Kó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú àbájáde kan ṣoṣo, ká rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe ìtàn ẹ̀ka kan pàtó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni. Àbájáde tí a ń wá ni pé kí wọ́n lè kọ ìròyìn rédíò tó péye, tó sì yé ẹni tó ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí a gbé fún wọn nìyí: ìjì kan jà lálẹ́, ó ká òrùlé ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀jà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà. A fún wọn ní ohùn alága àwọn oníṣọ́ọ̀bù, tó ní ṣọ́ọ̀bù ogún ló bà jẹ́. A fún wọn ní ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ, tó ní méjìlá ni. A tún fún wọn ní ohùn obìnrin kan tó ń ta aṣọ, tó ń sọ bí òjò ṣe wọ inú báélì aṣọ òun. Wákàtí kan péré ni wọ́n ní. Kí wọ́n gbé ìròyìn ìṣẹ́jú kan wá.

Ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ yìí wò kò gbọ́dọ̀ kàn wò ó kó ní "ó dáa" tàbí "kò dáa." Àtẹ òṣùwọ̀n ni wọ́n ń lò. Ìlà mẹ́rin ló wà lórí tiwa: bí ìròyìn ṣe bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ àti orísun rẹ̀, èdè tó bá etí mu, àti bí ó ṣe gbọ́ ti gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 1 ló kéré jù, 4 ló ga jù, a sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún sílẹ̀. Lórí ìlà orísun, ẹni tó bá kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ gba 1. Ẹni tó kọ "ṣọ́ọ̀bù ogún" láì sọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ gba 2. Ẹni tó sọ pé alága ló ní ogún gba 3. Ẹni tó jẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ pé alága ní ogún, ìjọba ìbílẹ̀ ní méjìlá, pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò tíì ṣọ̀kan, ló gba 4. Ẹ ò rí i pé àtẹ yìí fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ni? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí i kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Èmi kò rí ìdí kankan tó fi yẹ kí olùkọ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ọmọ.

Olùkọ́ méjì ló máa yẹ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò, kó má jẹ́ ẹni tó kọ́ wọn ní kọ́ọ̀sì yẹn. Wọ́n á ti yọ orúkọ kúrò lára ìwé. Ibí ni nǹkan ti máa ń le, tó sì máa ń dùn. Ká ní iṣẹ́ kan dé iwájú wọn, olùkọ́ kìíní fún un ní 4 lórí ìlà èdè, èkejì fún un ní 2. Gbólóhùn tó fa ìjà nìyí: "Alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, tó bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n wá wo ibi tí ìjì náà ti ṣọṣẹ́, sọ pé ṣọ́ọ̀bù ogún ni ìjì ká òrùlé wọn lọ." Olùkọ́ kìíní fi ojú kà á, kò sì rí àṣìṣe kankan nínú gírámà rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí. Èkejì kà á sókè, èémí sì fẹ́ẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀ kó tó dé "sọ pé." Ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, tí kọ́ńdọ́ ń pariwo létí rẹ̀, á ti gbàgbé pé alága la ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ọmọ kọ kò ju báyìí lọ: "Ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀bù lọ ní Ọ̀jà Atákúnmọ́sà lálẹ́ àná. Alága àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní ogún ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ní méjìlá ni."

Àwọn olùkọ́ méjèèjì á jókòó sọ ọ́, wọ́n á fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fún iṣẹ́ rédíò ní máàkì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kà á sókè. Wọ́n á kọ ọ́ mọ́ àtẹ òṣùwọ̀n. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo olùyẹ̀wò jọ máàkì iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kan náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà wọn wé ara wọn. Tí nọ́ńbà wọn bá jìnnà síra, ọwọ́ wọn kò tíì bára mu nìyẹn, iye yòówù tí wọ́n bá kọ sínú tábìlì lẹ́yìn ìyẹn kò ṣeé gbára lé.

Ká wá ní iṣẹ́ 40 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì ti pinnu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé ó kéré tán, ó yẹ kí 28 gba 3 tàbí 4 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Lórí bí ìròyìn ṣe bẹ̀rẹ̀, 31 ṣe é. Lórí èdè, 27. Lórí orísun, 14 péré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 40 yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gba B àti C nínú kọ́ọ̀sì ìkọ̀ròyìn. Láti inú B àti C yẹn, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé wọn kì í sọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ jókòó sídìí máíkírofóònù lọ́la nìyí o, tí wọ́n á máa sọ iye èèyàn tó kú fún gbogbo ìlú.

Ẹ̀rí tí a rí àti ẹ̀rí tí wọ́n sọ fún wa

Ohun tí mo ṣàlàyé tán yìí ni ẹ̀rí tààrà: iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a rí i, a gbọ́ ọ. Pírójẹ́ẹ̀tì ọdún ìkẹyìn wà lára irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ètò rédíò tí wọ́n ṣe, ìpolówó tí wọ́n yà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n dìde sọ níwájú kíláàsì, àti àkójọ iṣẹ́ tí ọmọ ti ń tọ́jú láti ọdún kìíní. Ẹ̀rí kejì ni èyí tí èèyàn fẹnu sọ. Ẹ̀ka á fún àwọn tó ń jáde lọ ní fọ́ọ̀mù láti sọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọmọ ti lọ ṣe IT, ìyẹn ibi tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ láti fojú rí iṣẹ́, irú bí Òrìṣun FM níbí ní Ifẹ̀ tàbí Uniq FM ní Iléṣà, bí iṣẹ́ ọmọ náà ṣe rí. Méjèèjì ló wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Fọ́ọ̀mù á sọ fún wa pé akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé òun mọ ìròyìn kọ dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á sọ bóyá ó mọ̀ ọ́n kọ. Ẹni tó ń bójú tó ọmọ lẹ́nu IT náà lè fi àmì "ó dára gan-an" sí gbogbo ìlà nítorí pé ọmọ náà níwà, ó ń tètè dé, ó ń kí àgbà. Ìwà dáa púpọ̀, àmọ́ ìlà tó ń béèrè nípa títún ohùn ṣe kò béèrè ìwà. Tí mo bá jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka, màá ní kí ilé-iṣẹ́ fi ètò kan tí ọmọ ṣe ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, tún ti wọ̀ ọ́ báyìí. Asáínmẹ́ǹtì tí ọmọ gbé lọ sílé lè má jẹ́ iṣẹ́ ọmọ mọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a fẹ́ fi wọn àbájáde, ó sàn kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n á ṣe lójúkorojú: wákàtí kan nínú yàrá, ohùn tí wọ́n gbà fúnra wọn, ìbéèrè mélòó kan lẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Kí ló dé tó o fi gé ibí yìí?"

Ìbẹ̀rù àwọn olùkọ́

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Kíláàsì ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, ìwé ìdánwò tí wọ́n fẹ́ máàkì wà nílẹ̀ gègèrè, ẹnì kan wá ń gbé fọ́ọ̀mù míì dé. Ó tún ń dẹ́rù bà wọ́n pé wọ́n lè fi èsì rẹ̀ mú àwọn tó bá di ìgbà ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí ẹ̀ka bá ti fi í ṣe pàṣán, yóò bà jẹ́ ni, torí olùkọ́ tó bá ń bẹ̀rù á wá iṣẹ́ tó rọrùn fún ọmọ, gbogbo wọn á sì gba 4. Èsì yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀ka lápapọ̀. Ọmọ tí kò mọ orísun ọ̀rọ̀ í sọ lọ́dún kẹta ti gba ọwọ́ olùkọ́ púpọ̀ kọjá.

Ní ti iṣẹ́ tó pọ̀, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wọn gbogbo àbájáde lọ́dọọdún. Ẹ̀ka lè mú méjì lọ́dún yìí, méjì lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sì pọn dandan kí wọ́n yẹ iṣẹ́ gbogbo ọmọ wò. Tí kíláàsì bá tó igba, wọ́n lè fa ogójì yọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí ẹni tó ń ṣa àwọn tó mọ̀ ọ́n jù sọ́tọ̀. Ohun tí kò dáa ni kí wọ́n jẹ́ kó di ọdún márùn-ún kí wọ́n tó ronú kàn án. Ọdún márùn-ún ni NUC ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tó bá yege pátápátá, ọdún méjì fún èyí tó yege díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí àlejò bá ń bọ̀ nìkan la ń wọn ọmọ, ọ̀wọ́ ọmọ kan á ti wọlé, wọ́n á ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n á ti di agùnbánirọ̀, láìsí ẹni tó mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára wọn. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ACEJMC tó ń fọwọ́ sí ẹ̀ka iṣẹ́ ìròyìn níbẹ̀ kì í béèrè ètò ìgbéléwọ̀n nìkan. Ó ń béèrè ohun tí ẹ̀ka fi èsì rẹ̀ tún ṣe.

Ohun tó yẹ kó yí padà

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ń ya ẹ̀ka tó ń ṣe é lóòótọ́ sọ́tọ̀. Ẹ padà sórí àpẹẹrẹ wa, níbi tí ọmọ 14 péré ti mọ orísun ọ̀rọ̀ í sọ. Ẹ̀ka á pe ìpàdé. Wọ́n á wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní orísun, wọ́n lè rí i pé ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni, lọ́dún kìíní, lórí ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò tún mẹ́nu kàn án mọ́. Wọ́n lè pinnu pé láti sáà tó ń bọ̀, ìròyìn yòówù tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ní kọ́ọ̀sì èyíkéyìí gbọ́dọ̀ ní ìwé kékeré lẹ́yìn tó sọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ìgbà tó bá a sọ̀rọ̀, àti ọ̀nà tó gbà bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á kọ ìpinnu náà sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n á tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀wọ́ ọmọ tuntun, wọ́n á fi àtẹ kan náà wọ̀n ọ́n. Bí 14 bá di 25, ọ̀nà ti ń là. Bó bá ṣì wà ní 15, ìwé kékeré yẹn kọ́ ni oògùn rẹ̀, kí wọ́n wá òmíràn. Láìsí èyí, gbogbo tábìlì àti nọ́ńbà tí wọ́n kó jọ kò ju ẹrù fáìlì lọ.

Ìdá 30 tiwa

Ó wá ku ìdá 30 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ọmọ kankan gba oyè ìbánisọ̀rọ̀ ní Ifẹ̀ tàbí ní Iléṣà láìjẹ́ pé a ti wọn ohun tó lè fi èdè Yorùbá ṣe. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní Mọ́dákẹ́kẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, nínú oko kòkó, nídìí ẹ̀rọ ìlọta, Yorùbá ló fi ń gbọ́ ìròyìn tó máa fi ṣe ìpinnu. Ọmọ á sì lo ọdún mẹ́rin, á kọ gbogbo asáínmẹ́ǹtì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé ilé-iṣẹ́ rédíò ni wọ́n á gbé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì fún un pé kó sọ ọ́ di Yorùbá kí aago mẹ́rin tó lù. Òógùn á bò ó.

NUC ti fún yunifásítì láyè láti fi tirẹ̀ kún un. Kí wọ́n kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àbájáde: akẹ́kọ̀ọ́ á lè mú ìkéde ìjọba tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kó gbé e kalẹ̀ lórí rédíò ní Yorùbá tí ará ọjà á lè tẹ̀ lé. Wíwọ̀n rẹ̀ kò sì le. Ká ní ìkéde nípa àrùn onígbáméjì ni, tó ní kí èèyàn se omi kó tó mu ún, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó sì tètè gbé ẹni tó bá ń ṣu tó ń bì lọ sí ilé ìwòsàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka tirẹ̀ sórí fóònù. Kí olùkọ́ gbé e fún èèyàn márùn-ún gbọ́ ní ọjà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe?" Tí mẹ́rin bá sọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, ìkéde náà ti dé ibi tó ń lọ. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n rántí ni pé ìjọba ní kí àwọn ṣọ́ra, a jẹ́ pé iṣẹ́ ṣì wà lára ìkéde yẹn, bó ti wù kí Yorùbá inú rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Kò sí ìdánwò orí ìwé tó lè sọ èyí fún wa. Mo sì gbà pé àwọn ìyá ọjà yẹn á gbádùn ẹ̀ láti bá wa dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ẹ̀ka báyìí, nǹkan méjì ni mo fẹ́ kó ṣe. Tí olùkọ́ bá pín ètò kọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó wo ibi tí wọ́n kọ àbájáde ẹ̀kọ́ sí, kó fi wé ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá. Tó bá rí àbájáde kan tí wọn kì í wọ̀n rárá, kó fi ọ̀wọ̀ lọ bá olùkọ́ náà tàbí olùdámọ̀ràn kíláàsì, kó béèrè ibi tí òun á ti rí i ṣe. Olùkọ́ tó dáa á yọ̀ mọ́ ọn. Èkejì ni kó máa tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é: ohùn tó gbà, ìròyìn tó kọ, èyí tí olùkọ́ fi bíìrò pupa kọ nǹkan sí lára, àti èyí tó tún kọ lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ń wá iṣẹ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní agbègbè wa yìí, kó to èyí tó wà ní Yorùbá sí òkè pátápátá.